Agolo Tí Ọwọ́ Ẹlòmíì Ṣí

Ẹ má bi mí bóyá mo kábàámọ̀. Gbogbo ìlú Tamarack Fork ló ti bi mí tán, èsì kan náà ni mo sì fún wọn: n ò kábàámọ̀. Ẹni tí inú bá ń bí kó lọ bá Arvid Haugland, kó ní kí òun náà kábàámọ̀, kó wá padà wá sọ ohun tójú ẹ̀ rí fún mi.

Arvid ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Lyle lorúkọ ọkọ mi. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n Arvid fi ọ̀pọ̀ ọdún ju Lyle lọ, nígbà tí igi gẹdú sì wó pa bàbá wọn, Arvid ló tọ́ ọ dàgbà. Òun ló kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà, òun ló kọ́ ọ ní ìbọn yíyìn, òun ló dúró tì í lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Tí Arvid bá ní kí Lyle jókòó sórí yìnyín, Lyle á jókòó, á tún ní ibẹ̀ lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́ díẹ̀.

Èmi Delpha, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ni mò ń wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ẹ̀ débi pé àwọn tí mo gbé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ti ń kó ọmọ tiwọn wá fún mi. Wọ́n ní ẹnu mi mú. Mi ò bá wọn jiyàn. Ẹni tó bá ń gbé ogójì ọmọ aláriwo gba orí òkè lọ nínú yìnyín, ẹnu ẹ̀ ò lè má mú.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọta ìbọn wọ́n bí imí eégún. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó ń tà á nílùú wa lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn pé kò sí, kẹ́nikẹ́ni má wulẹ̀ wọlé wá bèèrè. Bẹ́ẹ̀, àsìkò ọdẹ ń bọ̀ lọ́nà, ẹran àgbọ̀nrín tí Lyle bá sì pa nígbà náà ni ẹran tí à ń jẹ títí yìnyín fi máa yọ́. Lyle wá ní òun náà á máa di ọta òun fúnra òun nínú ilé, bí Arvid ti ń ṣe é. Kó máa ṣa ìkarahun ọta tó ti yìn jọ, kó fọ̀ ọ́, kó tún un tẹ̀, kó fi ìṣáná tuntun tó ń tanná ran ẹ̀tù sí i nídìí, kó rọ ẹ̀tù sí i, kó wá fi orí ọta dé e.

Inú mi dùn sí i. Iṣẹ́ tí bàbá mi ń ṣe lórí tábìlì ìdáná wa nìyẹn nígbà tí mo wà lọ́mọge, èmi ni mo sì máa ń jókòó tì í. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni bàbá mi, ṣùgbọ́n tó bá ti kan ẹ̀tù, ó le ju pásítọ̀ lọ. A ò gbọdọ̀ tan tẹlifíṣọ̀n. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Agolo ẹ̀tù kan ṣoṣo ló gbọdọ̀ wà lórí tábìlì, èyí tó kù wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Ojú ò gbọdọ̀ wọn nǹkan kan; òṣùwọ̀n ni kó wọ̀n ọ́n, ohun tó kéré jù lọ tí ìwé bá sì kọ ni kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá rọ ẹ̀tù tán, á fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ẹnu ìkarahun kọ̀ọ̀kan wò kó tó dé e.

Ṣùgbọ́n òfin tó ga ju gbogbo ìyẹn lọ ni ti agolo. Ẹ̀tù tí kì í bá ṣe ọwọ́ ẹ lo fi já ìdè ẹnu agolo ẹ̀, má lò ó. Ì báà jẹ́ gómìnà ló fún ẹ. Dà á sórí koríko, koríko fẹ́ràn ẹ̀. Nígbà tí àwọn ọkùnrin àdúgbò bá kú, àwọn ìyàwó wọn á kó agolo ẹ̀tù wọn wá fún bàbá mi, bàbá mi á dúpẹ́, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ, á dà wọ́n nù. Kò sí ilé tí koríko ẹ̀ tutù tó tiwa.

Gbogbo ẹ̀ ni mo kọ́ Lyle. Ó sì gbọ́. Lyle kì í ṣe ẹni tó ń kánjú. Ó lè fi wákàtí kan wá ìdí tí ilẹ̀kùn fi ń dún. Ó ra ìwé, ó ra òṣùwọ̀n, ó ra gíláàsì ńlá tó ń bo ojú. Tí mo bá ń wò ó pẹ̀lú gíláàsì yẹn lójú, tó tẹ orí ba níwájú òṣùwọ̀n bí ẹni ń gbàdúrà, ọkọ mi á wù mí.

Ẹ̀tù ló kù tí kò rí. Òun náà ti tán ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ ni Arvid ṣe yọ sí wa lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀ ìkarahun ọta tí kò lò mọ́ wá, ó sì gbé agolo ẹ̀tù kan dání, ó ti lò tó ìdajì ẹ̀. Orúkọ irú ẹ̀tù tí ìbọn Lyle ń jẹ gan-an ló wà lára agolo náà. Lyle fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. A fún Arvid ní pánkéèkì àti sọ́sééjì, ó jẹun yó, ó lọ.

Bí ọkọ̀ ẹ̀ ṣe yí kọ́nà ni mo sọ̀rọ̀.

“Lyle, lọ da ẹ̀tù yẹn sórí koríko.”

“Ẹ̀tù tí kò sí ní gbogbo Montana?”

“Ìwọ kọ́ lo ṣí i.”

“Arvid ló ṣí i,” ó wí, ó sì yí padà sí kọfí ẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Mo ní n ò ní Arvid kì í ṣe èèyàn, mo ní ọwọ́ ọmọ èèyàn lọwọ́ ọmọ èèyàn ń jẹ́. Ó ní ṣé kí òun wá gbé e padà fún un, kí òun ní, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun o, ṣùgbọ́n n ò fọkàn tán yín? Ẹni tó jẹ́ pé tí kì í bá ṣe tiẹ̀, ilé àwọn aláìlóbìí lòun ì bá wà? Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo tún sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, mo sọ ọ́ títí ẹnu mi fi bó. Ọkùnrin tó ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá wí kọ̀ láti gbọ́ ẹyọ kan yìí.

Ó di ọta náà. Mo jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Agolo kan ló wà lórí tábìlì. Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Ó fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ohun tí bàbá mi ṣe tí Lyle ò ṣe, àfi koríko yẹn.

Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta ni wọ́n ti lọ dán an wò, òun àti Arvid. Ọta kìíní tí Lyle yìn ni ìbọn bẹ́ mọ́ ọn lójú. Gíláàsì yẹn ló gba ojú òsì ẹ̀ là. Ojú ọ̀tún fọ́. Àtàǹpàkò ọwọ́ kan lọ pẹ̀lú ẹ̀.

Lyle ò tíì lajú nílé ìwòsàn tí Arvid fi ń sọ ọ́ kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀: Lyle rọ ẹ̀tù lẹ́ẹ̀mejì sínú ìkarahun kan. Ẹni tó bá bi í, ohun tó ń sọ nìyẹn. Mo ní irọ́ ni, mo ní ojú mi ló ṣe é. Ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká. Ó ní, “Ìyàwó wa, ojú a máa fo nǹkan.” Ohùn tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ló fi sọ ọ́.

Ìlú sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ta ni ò ní gbà á? Arvid ló kọ́ ìdajì wọn ní ìbọn yíyìn. Àwọn ọkùnrin tí àwọn àti Lyle jọ ń pàgọ́ sórí òkè lásìkò ọdẹ, láti ayé bàbá wọn, rán ẹnì kan wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí fìlà lọ́wọ́, ó ní kí Lyle ṣì sinmi ná lọ́dún yìí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dùbúlẹ̀ ti ẹni tó ń rọ ẹ̀tù lẹ́ẹ̀mejì. Nínú bọ́ọ̀sì mi, tí ọmọ kan bá da wàrà sára tàbí tó gbàgbé ìwé ẹ̀ sílé, àwọn yòókù á pariwo mọ́ ọn pé, “O ti ṣe Lyle o!” Wọn ò tilẹ̀ rántí pé ìyàwó Lyle ló ń gbé wọn. Mo tẹ bíréèkì lọ́jọ́ kan, mo dìde, mo wò wọ́n. Wọ́n dákẹ́. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Lyle fúnra ẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Òun ló dùn mí jù. Mo ní kó jáde, kó là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé òun ò rọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Ó ti ṣẹlẹ̀ ná, Delpha.” Ojú kan tó ṣẹ́kù yẹn, á máa fi wo ojú fèrèsé.

Nígbà tó yá, n ò lè fara da rírí ẹ̀rọ ìtẹ̀ yẹn nínú ilé mi mọ́. Mo gbé e sínú ọkọ̀, mo gbé e padà fún Arvid. Ó wà nínú gáréèjì ẹ̀, ó ń di ọta lọ́wọ́. Tẹlifíṣọ̀n ń pariwo bọ́ọ̀lù, kọfí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, agolo ẹ̀tù méjì sì ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú ẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ìbọn gígùn. Èkejì jẹ́ ti ìléwọ́, tó ń jó fòò bí iná ọyẹ́, tó jẹ́ pé ìwọ̀nba bíńtín ni wọ́n ń lò nínú ẹ̀; tó bá dàpọ̀ mọ́ ti ìbọn gígùn, ìbọn á bẹ́. Méjèèjì rí wínníwínní bí irúgbìn kábéèjì. Téèyàn ò bá ka ara agolo, kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa òjò, ojú ẹ̀ wà lára bọ́ọ̀lù. Bẹ́ẹ̀ ló gbé ẹ̀tù tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀rọ ẹ̀, ó dà á padà sínú agolo tó sún mọ́ ọn jù. Kò wò ó.

Mo ní, “Agolo wo lẹ dà á sí yẹn?”

Ó wolẹ̀. Ó ní, “Èyí tó jẹ́ tiẹ̀ ni.”

“Ẹ ka orúkọ ara ẹ̀ fún mi.”

Kò kà á. Ó dé e. Ó ní, “Delpha, ẹ̀tù lẹ̀tù ń jẹ́.” Ó wá ní kí n bá òun kí Lyle.

Mo sáré wakọ̀ délé. Lyle ń fi ọwọ́ alátàǹpàkò kan bó ànàmọ́. Mo ro gbogbo ohun tí mo rí fún un, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo rò pé á fò sókè ni. Ó bó ànàmọ́ ọwọ́ ẹ̀ tán, ó ní, “Fi í sílẹ̀.”

Kí n fi í sílẹ̀? Kí n fi kí ni sílẹ̀?

Lọ́dọọdún, kí àsìkò ọdẹ tó dé, Arvid máa ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú ní ìlò ìbọn nínú gbọ̀ngàn àwọn panápaná. Ọmọ tí kò bá gba ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ náà kò lè ṣọdẹ. Lọ́dún yẹn, mo gbọ́ pé ìbọn Lyle tó bẹ́ ni Arvid fẹ́ fi kọ́ wọn. Ìyẹn nìkan kọ́. Lyle fúnra ẹ̀ náà ń lọ, kí àwọn ọmọ lè rí ojú ẹ̀. Nígbà tí mo bi í, ó ní òótọ́ ni, á ṣe àwọn ọmọ láǹfààní. Mo bá a jà lọ́jọ́ yẹn, mo bá a jà gan-an. Nígbà tí ọjọ́ ẹ̀kọ́ pé, ó ya irun ẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

N kì í ṣe ẹni tó ń lọ irú ibi bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Mo ti lọ títí dé ìlú tó wà lódìkejì òkè, mo ti rí agolo ẹ̀tù tuntun kan rà, irú èyí tí orúkọ ẹ̀ wà lára agolo Arvid. Mo kó o sínú báàgì, pẹ̀lú òṣùwọ̀n Lyle, pẹ̀lú ìkarahun ọta kan. Mo tún mú agolo tí Arvid fún wa.

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ọmọ jókòó níwájú, àwọn òbí wà lẹ́yìn pẹ̀lú kọfí àti bisikíìtì. Arvid gbé ìbọn tó ya náà sókè. Ó sọ ọ́ dáadáa, mo gbọ́dọ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní èèyàn dáadáa ni àbúrò òun, ṣùgbọ́n ọkàn ẹ̀ ò sí níbi iṣẹ́, ó rọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wá wo ohun tó dà. Ó wá ní kí Lyle ṣí aṣọ tó fi bo ojú. Lyle ṣí i. Ọmọbìnrin kan tí mò ń gbé láràárọ̀ fi ọwọ́ bojú. Ibẹ̀ ni mo dìde.

Mo rìn lọ síwájú, mo tú báàgì mi sórí tábìlì. Mo gbé agolo tuntun sókè kí gbogbo wọn rí ìdè ẹnu ẹ̀, mo já a lójú wọn. Mo wọn ẹ̀tù bí Lyle ṣe wọ̀n ọ́n, mo rọ̀ ọ́ sínú ìkarahun. Ó kún dé ọrùn.

Mo ní, “Arvid, ẹ wá bá mi rọ ìkejì sí i.”

Kò mira. Mo bá rọ̀ ọ́ fúnra mi. Ó kún àkúnwọ́sílẹ̀, ó ya sórí tábìlì, ó ń dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú àwọn ọmọ.

“Ẹ̀ẹ̀mejì tí ẹ ń wí yẹn,” mo ní, “ibo ló gbà wọ̀ ọ́?”

Mo yíjú sí àwọn ọkùnrin ẹ̀yìn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í di ọta nílé ẹ̀. Kò sí ọ̀kan tí kò mọ̀, láti ọjọ́ kìíní, pé ìkarahun yẹn ò lè gba ẹ̀ẹ̀mejì. Bàtà ni wọ́n ń wò. Wọ́n mọ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń fi orúkọ ọkọ mi nu ẹnu, wọ́n mọ̀. Ó rọrùn fún wọn kí Lyle jẹ́ òmùgọ̀ ju kí Arvid jẹ́ aláìbìkítà lọ ni.

Mo gbé agolo ti Arvid sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Mo ní, “Ẹ di ẹyọ ọta kan látinú èyí. Ẹ fi sínú ìbọn tiyín, ẹ gbé e sí èjìká yín, kí ẹ yìn ín. Tí ìbọn yín ò bá bẹ́, màá kúnlẹ̀ bẹ̀ yín lójú gbogbo wọn.”

Ó wo agolo náà. Ọwọ́ ẹ̀ ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó dàgbà lójú mi níbẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bọ́ ẹ̀wù lára ẹ̀. Ó wá ní, kì í ṣe pé ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, “Mo máa ń ka ara agolo.” Ó mú fìlà ẹ̀, ó jáde.

Lyle so aṣọ mọ́ ojú ẹ̀ padà. Mo na ọwọ́ sí i. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n ẹ̀, mo sì gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ Arvid pa dé mọ́ àwọn méjèèjì.

Ìlú yí padà bìrí. Wọ́n ń gbé páì wá sílé wa, wọ́n ń ní àwọn ti ń fura tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì ń kí mi bí ẹni ń kí adájọ́. Arvid fi iṣẹ́ ìkọ́ni sílẹ̀, ó ta gbogbo ìbọn ẹ̀, ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ obìnrin ní Spokane. Lyle ló wakọ̀ gbé e lọ. Nígbà tó padà dé, ó jókòó sí tábìlì pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn.

Ó ní, “Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀.”

Mo ní ìgbà wo.

“Láti ilé ìwòsàn. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi. Ó sunkún débi pé nọ́ọ̀sì wọlé wá wò ó.”

Mo ní pẹ̀lú ẹ̀ náà ni Arvid tún ṣe ní kó wá ṣí ojú ẹ̀ han àwọn ọmọ?

“Èmi ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti fẹ́ fi ìkọ́ni sílẹ̀, kò lè wo ojú wọn mọ́. Mo ní tó bá fi í sílẹ̀, wọ́n á bèèrè ìdí.” Ó bọ́ kóòtù ẹ̀. “Ojú kan ni Arvid gbà lọ́wọ́ mi, Delpha. Ìwọ gba Arvid.”

Mo sọ tèmi fún un. Mo ní agolo mélòó ni Arvid ti fún èèyàn nílùú yìí, ojú ta ni ì bá kàn? Mo ní orúkọ ẹ ńkọ́? Ó gbọ́ mi tán, ó ní mo jàre. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń sọ pé mo jàre. Ọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ni à ń bá ara wa sọ.

Lọ́jọ́ tí àsìkò ọdẹ bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ àwọn alágọ̀ọ́ orí òkè dúró níwájú ilé wa, wọ́n fun fèrè. Wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún un ní iwájú, níbi tí Arvid máa ń jókòó sí. Lyle wà ní ìdáná pẹ̀lú mi, ó ti wọṣọ, ó ti wọ bàtà, kọfí ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní kí n lọ sọ fún wọn pé òun ń sùn. Mo wò ó. Wọ́n tún fun fèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo jáde bọ́ sínú yìnyín, mo sì sọ fún wọn pé ó ń sùn.